Nígbà Tí Èrò Tuntun Kò Jẹ́ Kí Ẹ̀dà Tí A Ṣèlérí Jáde

Ẹnì kan tí ó ń tọ́jú sọ́fítíwíà tí kóòdù rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé kọ̀wé sí mi báyìí: “Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Àwa mẹ́rin ni a ń tọ́jú sọ́fítíwíà kékeré kan tí ó ń yí fáìlì láti oríṣi kan sí òmíràn. Ó ti pé oṣù mẹ́rìnlá tí a ti kéde pé ẹ̀dà 2.0 ń bọ̀, a sì kọ ohun mẹ́fà tí yóò wà nínú rẹ̀ sílẹ̀. Mẹ́rin ti parí. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ kan kì í kọjá kí àwọn olùkópa má mú èrò tuntun wá, àwọn mìíràn tilẹ̀ ti kọ kóòdù rẹ̀ tán kí wọ́n tó bá wa sọ̀rọ̀, àwọn èrò náà sì dára. Bí a bá gbà wọ́n, ọjọ́ ìgbéjáde á tún sún síwájú. Bí a bá kọ̀, ẹni tí ó mú un wá á bínú lọ. Ọ̀kan nínú wa ní kí a ti ilẹ̀kùn pátápátá, kí a má gba èrò kankan mọ́ títí 2.0 yóò fi jáde. Ṣé ohun tí ó yẹ kí a ṣe nìyẹn?”

Mo kí ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kú iṣẹ́, nítorí kò sí ẹni tí ó ń san owó oṣù fún yín lórí rẹ̀, síbẹ̀ ẹ ka ìlérí tí ẹ ṣe fún àwọn tí ẹ kò mọ̀ rí sí gbèsè tí ẹ gbọ́dọ̀ san. Bí mo ti lóye ọ̀rọ̀ yín, kì í ṣe èrò kan pàtó ni ó ń dà yín láàmú. Bí a bá gbé èrò kọ̀ọ̀kan yẹ̀ wò lọ́tọ̀, ó yẹ ní gbígbà. Ìgbà tí wọ́n bá kóra jọ ni wọ́n ń gbé ọjọ́ ìgbéjáde sá lọ. Ẹ sì ń rò pé ọ̀nà méjì péré ni ó wà níwájú yín: kí ẹ gba gbogbo rẹ̀ kí 2.0 má sì jáde láéláé, tàbí kí ẹ ti ilẹ̀kùn kí àwọn ènìyàn yín sì tú ká. Ìdáhùn mi sí ìbéèrè tí ẹ fi parí lẹ́tà yín ni pé rárá, ẹ má ti ilẹ̀kùn mọ́ èrò. Ilẹ̀kùn 2.0 ni kí ẹ tì, ní ọjọ́ tí gbogbo ènìyàn ti mọ̀ ṣáájú. Ilẹ̀kùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni méjèèjì, àìmọ ìyàtọ̀ wọn sì ni ó wà nídìí púpọ̀ nínú ìjà tí mo ti rí láàárín àwọn olùtọ́jú.

Kókó kan wà nínú lẹ́tà yín tí mo fẹ́ kọ́kọ́ tú. Ẹ ní àwọn kan ti kọ kóòdù tán kí wọ́n tó bá yín sọ̀rọ̀, bí ẹ sì ṣe kọ ọ́ jẹ́ kí n rò pé lójú yín iṣẹ́ ti parí, pé gbígbà nìkan ni ó kù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kíkọ kóòdù ni apá tí ó kéré jù nínú ohun tí èrò tuntun ń gbà lọ́wọ́ wa. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹnì kan gbọ́dọ̀ kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹnì kan gbọ́dọ̀ kọ ìdánwò rẹ̀, ẹnì kan gbọ́dọ̀ ṣàlàyé bí a ṣe ń lò ó, ẹnì kan ni yóò sì dáhùn bí ó bá bàjẹ́ ní ọdún méjì sí i. Nínú iṣẹ́ tí a ń fi ìyọ̀ǹda ara ẹni ṣe, ẹni tí ó kọ kóòdù kì í sábà jẹ́ ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀. Èyí ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Mo ti jẹ́ olùtọ́jú sọ́fítíwíà kan tí ó ń ka ọjọ́ àti àkókò láti inú ọ̀rọ̀ tí ènìyàn tẹ̀. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ̀dà tuntun jáde ni olùkópa kan mú kóòdù wá tí yóò jẹ́ kí ó mọ ìyàtọ̀ àkókò láàárín orílẹ̀-èdè kan àti òmíràn. Kóòdù náà mọ́, ó yege nínú gbogbo ìdánwò tí a ní, inú gbogbo wa dùn sí i, èmi fúnra mi ni mo sì dà á pọ̀ mọ́ ẹ̀ka àgbà, ìyẹn ojúlówó kóòdù tí ẹ̀dà tuntun ti ń jáde. Lẹ́yìn tí ẹ̀dà náà jáde ni a rí i pé ní àwọn ibi tí wọ́n ti ń sún aago síwájú tàbí sẹ́yìn ní wákàtí kan lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, àkókò tí ó bá bọ́ sí òru ọjọ́ náà gan-an ń jáde ní òdì. Olùkópa náà ti rí iṣẹ́ tuntun, kò ráyè mọ́, n kò sì lè dá a lẹ́bi. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo fi kọ́ ohun tí ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ kí n tó lè tún un ṣe, ẹ̀dà àtúnṣe méjì ni a sì gbé jáde. A kò lè yọ ọ́ kúrò, nítorí àwọn ènìyàn ti ń lò ó. Èyí tí ó ṣì ń dùn mí jù ni pé ní gbogbo àkókò yẹn, kò sí ẹni tí ó fọwọ́ kan ohun tí a ti ṣèlérí fún ẹ̀dà tí yóò tẹ̀ lé e.

Àṣìlóye kejì wà nínú àbá ẹlẹgbẹ́ yín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkàn rere ni ó fi mú un wá. Ó rò pé bí a bá dá èrò tuntun dúró, agbára tí àwọn olùkópa ń lò lórí rẹ̀ yóò yí sí ohun méjì tí ó kù. Níbi tí a ti ń gba owó oṣù, ó lè rí bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀gá lè pín iṣẹ́ fún ẹni tí ó bá wù ú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fẹ́ kí sọ́fítíwíà yín lè ka irú fáìlì tí òun ń lò lójoojúmọ́ kò ní tìtorí pé ẹ ti ilẹ̀kùn kí ó wá máa wá àṣìṣe ní apá tí kò lò rí. Yóò lọ ni, tàbí kí ó da kóòdù yín kọ kí ó máa ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀. Títi ilẹ̀kùn ń dín iṣẹ́ àyẹ̀wò kù fún ẹ̀yin olùtọ́jú, èyí sì jẹ́ èrè gidi, ṣùgbọ́n kò fi òṣìṣẹ́ kan kún ti yín.

Kí ni ó wá fà á tí gbogbo ènìyàn fi ń du àyè nínú 2.0? Ẹ wo ohun tí ẹ kéde: ẹ sọ ohun tí yóò wà nínú rẹ̀, ẹ kò sọ ọjọ́ tí yóò jáde, ẹ kò sì sọ ohunkóhun nípa ẹ̀dà tí yóò tẹ̀ lé e. Bí a bá sọ fún ẹni tí ó mú èrò wá pé “ó di ẹ̀dà tí ń bọ̀”, tí kò sì sí ẹni tí ó lè sọ ìgbà tí ìyẹn yóò jẹ́, ohun tí ó gbọ́ ni “kò ní ṣẹlẹ̀”. Nítorí náà yóò fi gbogbo agbára rẹ̀ bẹ̀bẹ̀ kí ó lè wọ èyí tí ó wà nílẹ̀. Gbogbo ẹ̀bẹ̀ tí a bá gbà sì ń mú kí ẹ̀dà náà pẹ́ sí i, bí ó bá sì ṣe ń pẹ́ sí i ni ẹ̀bẹ̀ ń pọ̀ sí i. Àwọn iṣẹ́ ńláńlá ti jẹ nínú ìyà yìí. Ẹ̀dà 2.4 ti Linux, kóòdù tí ó jẹ́ ìpìlẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́, jáde ní oṣù Kìíní ọdún 2001, 2.6 kò sì jáde títí di oṣù Kejìlá ọdún 2003. Ní àárín ọdún mẹ́ta tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé yìí, ẹ̀ka ìdánwò tí wọ́n ń pè ní 2.5 ni ọ̀pọ̀ ohun tuntun ń lọ, àwọn tí wọ́n ń pín Linux fún àwọn oníbàárà kò sì lè dúró, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fa àwọn ohun tuntun náà padà sínú 2.4 fúnra wọn, oníkálùkù ní ọ̀nà tirẹ̀. Debian náà, ọ̀kan nínú àwọn tí ń pín Linux, gbé ẹ̀dà 3.0 jáde ní oṣù Keje ọdún 2002, ó sì di oṣù Kẹfà ọdún 2005 kí 3.1 tó jáde.

Ọ̀nà tí Linux gbà bọ́ nínú rẹ̀ yẹ kí ẹ wò dáadáa, nítorí ó rọrùn ju bí ènìyàn ti lè rò lọ. Lónìí, ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n ń ṣí ilẹ̀kùn fún ohun tuntun ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà wọ́n á tì í, wọ́n á máa gbé ẹ̀dà ìdánwò jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó sábà máa ń tó méje tàbí mẹ́jọ, àtúnṣe àṣìṣe nìkan ni ó sì ń wọlé ní àkókò yẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá ni gbogbo rẹ̀ ń gbà, ilẹ̀kùn á sì tún ṣí. Ohun tí kò bá tíì pé kò kú. Ó wà ní ẹ̀ka mìíràn tí wọ́n ń pè ní linux-next, níbi tí a ti ń dán an wò pẹ̀lú àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹni tí ó bá pẹ́ dé mọ̀ pé nǹkan bí oṣù méjì ni òun yóò fi dúró. Ó lè fa ojú ro, ṣùgbọ́n kò ní ìdí láti jà. Ìṣísílẹ̀ tí kò jìnnà ni ó sọ kíkọ̀ di ohun tí ènìyàn lè fara mọ́. GNOME, tí ó ń ṣe ojú iṣẹ́ tí a ń rí lórí kọ̀ǹpútà Linux, ti ń gbé ẹ̀dà jáde ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà láti ọdún 2002, Ubuntu, tí òun náà ń pín Linux, sì gba ọ̀nà yìí láti ọdún 2004. N kò sì sọ pé ọjọ́ jẹ́ òfin tí a kò lè yẹ̀: Ubuntu tí ó yẹ kí ó jáde ní oṣù Kẹrin ọdún 2006 sún di oṣù Kẹfà, nítorí pé wọ́n fẹ́ ṣe ìtìlẹ́yìn ọlọ́jọ́ pípẹ́ fún un, wọ́n sì fẹ́ kí ó gún régé. Wọ́n sún un lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sọ ìdí rẹ̀ ní gbangba, wọ́n sọ ọjọ́ tuntun, wọ́n sì pa á mọ́. Èyí yàtọ̀ pátápátá sí ọjọ́ tí ń sún fúnra rẹ̀ láìsí ẹni tí ó pinnu rẹ̀.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a padà sí ohun mẹ́fà yín. Èmi yóò bi ìbéèrè kan nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn méjì tí ó kù, àti nípa gbogbo èrò tí ó wà nílẹ̀: ṣé ohun yìí yóò ba ọ̀nà tí àwọn ènìyàn ń gbà lo sọ́fítíwíà wa lónìí jẹ́, àbí ó kàn ń fi nǹkan kún un ni? Gbogbo ènìyàn ti mọ̀ pé nígbà tí nọ́ńbà àkọ́kọ́ bá yí padà, bí i láti 1 sí 2, ohun àtijọ́ kan lè má ṣiṣẹ́ mọ́ bí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, èrò tí yóò yí orúkọ iṣẹ́ kan padà, tàbí tí yóò yọ ohun àtijọ́ kúrò, ní ẹ̀tọ́ láti bẹ̀bẹ̀ fún àyè nínú 2.0, nítorí bí kò bá rí i, ó di 3.0. Ṣùgbọ́n èrò tí ó kàn fẹ́ fi irú fáìlì tuntun kan kún èyí tí ẹ ń kà lè wọ 2.1 tàbí 2.2 láìpa ẹnikẹ́ni lára. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fọwọ́ sọ̀yà pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn èrò tí ó ń dí yín lọ́wọ́ wà nínú irú kejì yìí, nítorí irú iṣẹ́ tí sọ́fítíwíà yín ń ṣe máa ń fa irú rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé ọ̀kan nínú àwọn méjì tí ẹ fúnra yín ṣèlérí wà níbẹ̀ náà, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 2.0, kí ẹ sì sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ènìyàn.

Yíyọ ohun tí a ti ṣèlérí kúrò máa ń ti ni lójú, mo mọ̀ ọ́n lára. Ẹ wo PostgreSQL, sọ́fítíwíà tí a fi ń tọ́jú àkójọ ìsọfúnni: ẹ̀dà ńlá kan ni wọ́n ń gbé jáde lọ́dún, wọ́n sábà máa ń ti ilẹ̀kùn ohun tuntun ní oṣù Kẹrin, ẹ̀dà náà á sì jáde ní nǹkan bí oṣù Kẹsàn-án tàbí Kẹwàá. Ní ọdún 2022, iṣẹ́ ńlá kan tí ó jẹ mọ́ SQL/JSON, ìyẹn bí a ṣe ń fi èdè ìbéèrè SQL lo ìsọfúnni tí a kọ ní ọ̀nà JSON, ti wọ ẹ̀dà 15, àwọn ènìyàn sì ti ń retí rẹ̀. Nígbà tí ó ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀, wọ́n rí i pé kò tíì dúró dáadáa, wọ́n sì yọ ọ́ jáde. Apá kan rẹ̀ padà wọlé ní ẹ̀dà 16, apá mìíràn ní 17. Lójú tèmi, ìgboyà yẹn wà nídìí ìgbẹ́kẹ̀lé tí àwọn ènìyàn ní sí i, wọ́n sì lè ní ìgboyà náà nítorí pé gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ẹ̀dà mìíràn ń bọ̀ ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e.

Ibo wá ni kí àwọn èrò máa gbé títí ilẹ̀kùn yóò fi ṣí? Ibi àkọ́kọ́ ni orí ìwé. Python, èdè kan tí a fi ń kọ kóòdù, ti ní ètò àbá kíkọ tí wọ́n ń pè ní PEP láti ọdún 2000, ẹ̀yin mẹ́rin kò sì nílò ohun tí ó wúwo tó bẹ́ẹ̀. Ìdajì ojú ewé tó, tí yóò sọ ìṣòro tí èrò náà fẹ́ yanjú, ẹni tí ó nílò rẹ̀, ohun tí ó lè bàjẹ́, àti ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀. Èyí tí ó gbẹ̀yìn nínú àwọn ìbéèrè yìí ni ó wúlò jù fún mi, nítorí ó máa ń fi ara balẹ̀ sọ fún olùkópa ohun tí ì bá le fún mi láti sọ. Ibi kejì ni ẹ̀ka ọ̀tọ̀, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: ẹ̀ka tí ó bá pẹ́ kò ní mọ ẹ̀ka àgbà mọ́, ọjọ́ tí a bá sì fẹ́ dà wọ́n pọ̀ ni a ó rí i pé iṣẹ́ ti di méjì. Ibi kẹta ni inú ẹ̀ka àgbà gan-an, níbi tí kóòdù ti wà ṣùgbọ́n tí ó wà ní pípa títí ẹni tí ó fẹ́ ẹ yóò fi tàn án. Báyìí ni Rust, èdè mìíràn tí a fi ń kọ kóòdù, ń ṣe: ẹni tí ó bá fẹ́ ohun tí kò tíì dúró yóò lo ẹ̀dà tí ń jáde lálaalẹ́, yóò sì kọ ọ́ sínú kóòdù rẹ̀ pé òun fẹ́ ohun náà, nígbà tí ẹ̀dà tí ó dúró ń jáde ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mẹ́fà láìjẹ́ kí a lè tàn án nínú rẹ̀. Ọ̀nà yìí dára, mo sì ti lò ó, ṣùgbọ́n ó ní ìnira tirẹ̀. Bí ohun mẹ́wàá bá wà tí a lè tàn tàbí pa, ọ̀nà 1,024 ni sọ́fítíwíà náà lè gbà rí, kò sì sí ẹni tí yóò dán gbogbo rẹ̀ wò. Ẹ má jẹ́ kí ó ju méjì tàbí mẹ́ta lọ, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò di títàn pátápátá tàbí tí a ó yọ ọ́. Ní ti sọ́fítíwíà yín gan-an, ibi kẹrin tún wà tí èmi ìbá yàn ṣáájú: kí irú fáìlì tuntun lè máa gbé ní òde, nínú àfikún tí olùkópa fúnra rẹ̀ ń tọ́jú tí ó sì ń gbé jáde nígbà tí ó bá wù ú. Ó gba pé kí ẹ ṣe ojú ọ̀nà kan tí àfikún yóò máa gbà so mọ́ kóòdù yín, kí ojú ọ̀nà náà má sì máa yí padà. Bí kò bá tíì sí, iṣẹ́ ni, kì í sì í ṣe kékeré. Ẹ fi sí 2.1.

Gbogbo èrò kọ́ ni ó yẹ kí ó dúró, mo gbọ́dọ̀ sọ èyí. Àtúnṣe ibi tí ọ̀tá lè gbà wọlé kì í dúró de ọjọ́ kankan. Nígbà mìíràn sì ni èrò tuntun yóò fi hàn pé ohun tí a fẹ́ gbé jáde ti ṣìnà láti ìpìlẹ̀, ìyẹn sì ni ó le jù láti dá lẹ́jọ́. Netscape, tí ó ṣe sọ́fítíwíà tí a fi ń wo ìkànnì ayélujára, ṣí kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 1998. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti pinnu láti tún ọ̀pọ̀ rẹ̀ kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mozilla 1.0, tí iṣẹ́ náà bí, kò jáde títí di oṣù Kẹfà ọdún 2002. Èrò náà kò burú, nítorí inú rẹ̀ ni Firefox ti wá ní ọdún 2004, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tí ń lò ó ti ṣí lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn láàárín ọdún wọ̀nyẹn. Bí irú èrò bẹ́ẹ̀ bá dé bá yín, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ gbé ohun tí ẹ ní jáde ná, kí ìyókù má bàa di ìdúró aláìlópin fún àwọn tí ń lò ó.

Ó ku ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò bínú. Ẹ dá olùkópa lóhùn láàárín ọjọ́ díẹ̀, bí ìdáhùn náà tilẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, nítorí ìdákẹ́jẹ́ ni ó ń lé ènìyàn lọ jù. Ẹ sọ ìdí, ẹ sọ ẹ̀dà tí èrò rẹ̀ lè wọ̀ àti ọjọ́ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ yóò ṣí. Kí ẹnì kan ṣoṣo nínú yín sì mú kọ́kọ́rọ́ 2.0 lọ́wọ́, kí ẹlòmíràn gbà á fún 2.1, kí olùkópa má baà máa ti ọ̀dọ̀ ẹni tí ó kọ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ojú ń tì láti kọ̀. Síbẹ̀, ẹnì kan lè lọ. Mo ti pàdánù olùkópa kan tí iṣẹ́ rẹ̀ dára ju tèmi lọ, nítorí mo ní kí ó dúró oṣù mẹ́ta, n kò sì tíì rí ọ̀nà tí mo lè fi dá a dúró láìba ìlérí tí mo ṣe fún àwọn yòókù jẹ́. Ètò tó dára ń dín irú àdánù yìí kù, kò lè mú un kúrò.

Bí ó bá jẹ́ èmi ni mo wà nípò yín, nínú ọ̀sẹ̀ yìí ni èmi ìbá gbé ohun mẹ́rin tí ó ti parí jáde gẹ́gẹ́ bí ẹ̀dà ìdánwò àkọ́kọ́ ti 2.0. Nínú ìkéde kan náà, èmi ìbá kọ ọjọ́ mẹ́ta: ọjọ́ tí ilẹ̀kùn 2.0 yóò tì, tí kò ní ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ. Ọjọ́ tí yóò jáde, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ìyẹn. Àti ọjọ́ tí 2.1 yóò jáde, oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀. Lábẹ́ ọjọ́ 2.1 ni èmi ìbá to gbogbo èrò tí ó wà nílẹ̀ sí, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó mú ọ̀kọ̀ọ̀kan wá àti ẹni tí ó ti gbà láti tọ́jú rẹ̀. Èyí tí kò bá ní olùtọ́jú, ẹ fi àyè orúkọ náà sílẹ̀ ní òfìfo, kí ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ ẹ lè rí ohun tí ó ń dá a dúró.